Ẹ Bi Wá Ká Sọ: Ọjà etí omi wa, ibo ni ká kọjú ẹ̀ sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ìlú kékeré kan tí omi yí ká, lápá Ìjẹ̀bú etí omi lọ́hùn-ún, Ogun Waterside. Gbogbo ilé wa ò ju àádọ́jọ lọ, ọkọ̀ la fi ń wọlé, ọkọ̀ la fi ń jáde. Ọrọọrún la ń ná ọjà wa, létí èbúté, nínú ẹrẹ̀, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi páànù ògbólógbòó bò. Ní báyìí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ti dáwó jọ, wọ́n ní ká kọ́ ọjà gidi. Akítẹ́ẹ̀tì tí wọ́n mú wá ti ya àwòrán ẹ̀: ilé gbọọrọ kan, ṣọ́ọ̀bù méjìlélógún, ilẹ̀kùn irin, ojú ẹ̀ kọ sí ọ̀nà tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ó rẹwà gan-an. Àmọ́ ìyálọ́jà wa wo àwòrán yẹn títí, wọ́n wá ní, "Ibo lọkọ̀ máa wà?" Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe kówó yìí má wọmi?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, akọ̀wé. Ẹ bá mi kí Màmá ìyálọ́jà dáadáa, ẹ sọ fún wọn pé ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi yẹn ju gbogbo àwòrán yẹn lọ.

Irú iṣẹ́ yìí ti kàn mí rí. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe fóòmánù lábẹ́ kọ́ńtírátọ̀ kan, a kọ́ ọjà sábúlé kan létí ọ̀sà, ṣọ́ọ̀bù méjìdínlógún, táìsì nílẹ̀, géètì níwájú. Ẹ̀yìn ilé la kọ sí omi torí ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa fẹ́ kó dojú kọ ọ̀nà tí mọ́tò àwọn àlejò á gbà wọlé lọ́jọ́ ìṣíde, ọjọ́ ìṣíde yẹn nìkan náà sì ni mọ́tò dé ibẹ̀. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja gbìyànjú ẹ̀ fún ọjà mẹ́ta. Wọ́n á gbé báfù ẹja nínú ọkọ̀, wọ́n á wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n á wá yípo gbogbo ilé yẹn kí wọ́n tó rí ẹnu ọ̀nà, omi ẹja á ti ṣàn sí wọn lẹ́yìn ọrùn tán. Nígbà tó di ọjà kẹrin, wọ́n padà sétí omi, wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n jókòó, kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Ewúrẹ́ ló kù tó ń sùn nínú ilé yẹn. Inú mi ò dùn sí i títí di òní, torí ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀.

Nílùú tí omi yí ká, omi ni títì yín. Ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ niwájú ọjà, ibòmíì tẹ́ ẹ bá pè níwájú, ẹ̀yìn ni. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú ló tiẹ̀ yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù, àbí kí ló gbé Èjìnrìn, ìlú ọjà etí ọ̀sà nì, ga láyé àtijọ́? Ọkọ̀ ń kẹ́rù bọ̀ láti Èkó lórí ọ̀sà, àwọn tiwa ń rù tiwọn bọ̀ látòkè, etí omi ni wọ́n ti ń pàdé, ọ̀rọ̀ ta ló máa ṣàkóso àwọn ọ̀nà òwò yẹn sì wà lára ohun tó dá ogun Ìmàgbọ̀n sílẹ̀ láàárín Ìjẹ̀bú àti àwọn òyìnbó ní 1892. Nígbà tí mọ́tò wá gba òwò lọ́wọ́ ọkọ̀, ọjà Èjìnrìn rọlẹ̀. Ibi tọ́kọ̀ bá yà sí lọjà ń tẹ̀ lé. Tiyín ò tíì rí mọ́tò kankan, torí náà ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́lé fún.

Ohun àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó ra àpò sìmẹ́ńtì kan, ẹ lọ mọ omi yín. Mo mọ̀ pẹ́ ẹ máa ní inú ẹ̀ la bí wa sí, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó máa kọ́lé nílò nọ́ńbà. Ọ̀sà Lẹ́kí tó wà níwájú yín yẹn fẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò jìn, ibi tó jìn jù nínú ẹ̀ bíi mítà 6.4 ni, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ò sì tó mítà 3. Omi tí ò jìn báyìí, tí odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀nì bá tú omi òjò sínú ẹ̀, ṣe ló máa ń fẹjú sórí ilẹ̀, díẹ̀ tó bá fi kún, á ti wọlé ẹni tó jìnnà. Tó bá sì di Fẹ́búárì tómi fà, ọkọ̀ ò ní lè sún mọ́ etí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìyá yẹn á tún wọ ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ilé yín máa dáhùn, ìgbà tómi kún àti ìgbà tómi fà.

Torí náà ẹ wá igi gbọọrọ kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀ sínú omi níbi èbúté, ẹ fi ọ̀dà pupa pín in ní sẹ̀ntímítà 10, 10, kí ọmọ ilé ìwé kan máa lọ wò ó láràárọ̀ kó kọ ọ́ sínú ìwé, odidi ọdún kan tẹ́ ẹ bá lè ṣe sùúrù. Ẹ tún lọ bá àwọn àgbà, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ hàn yín lára ògiri ibi tómi dé nígbà tó kún jù lójú wọn, ẹ bi wọ́n léèrè 2012 àti 2022 tómi pọ̀ káàkiri Nàìjíríà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Èyí tó ga jù nínú gbogbo àmì yẹn, ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 60 sí mítà 1 lé e, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ọjà yín máa wà, lórí òpó. Ẹ má rọ yẹ̀pẹ̀ dí omi lójú o. Yẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ rọ, omi á gbé e lọ, ìyẹn tí kò bá tiẹ̀ darí omi sílé aládùúgbò.

Tẹ́ ẹ bá wá gbé ilẹ̀ ọjà ga báyẹn, báwo lẹni tó ru báfù ẹja ṣe máa gun un? Ibí lowó yín yẹ kó lọ jù. Ẹ ṣe àtẹ̀gùn tó fẹ̀, tó gba gbogbo iwájú ọjà, tó sọ̀kalẹ̀ látorí ilẹ̀ ọjà títí wọ inú omi, tó kọjá ibi tí omi máa ń fà dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tómi bá kún, ọkọ̀ á gúnlẹ̀ síbi àtẹ̀gùn òkè, tó bá fà, á gúnlẹ̀ sí tìsàlẹ̀, kò sígbà tí kò ní rí ibi tó máa fẹnu lé. Kí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan má ga ju sẹ̀ntímítà 15 lọ, kó sì fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 40, torí ẹni tó rẹrù kì í wolẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń wá ọ̀nà. Kójú ẹ̀ ṣákálá, kẹ́ ẹ má fi táìsì sí i láéláé. Ẹ ri òpó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wọ́n á máa sokùn ọkọ̀ mọ́, ẹ gbé iná sólà sórí méjì nínú òpó yẹn torí ìdájí lọkọ̀ ẹlẹ́ja ń dé, òkùnkùn àti àtẹ̀gùn tútù ló ń bá ara wọn pa èèyàn.

Mo gbàgbé kinní kan, ewéko orí omi yẹn, hyacinth. Láti 1984 tó ti wọ orí omi wa lápá ibí ló ti ń dí èbúté pa. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í kiri, tó bá rí kọ̀rọ̀ kan á rọ́ síbẹ̀ á jókòó. Ẹ wò ó dáadáa, ibi tó máa ń kó jọ sí jù nílùú yín, ẹ má gbé àtẹ̀gùn síbẹ̀ rárá, bó ti wù kí ibẹ̀ súnmọ́ àárín ìlú tó.

Ilé fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù méjìlélógún tó ní ilẹ̀kùn irin, ta ló fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ ẹja? Ọjà ọrọọrún ò nílò ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀, ìsọ̀ ló nílò, òrùlé ńlá kan lórí òpó, kí èèyàn dúró níhìn-ín kó rí ọ̀hún. Ẹ ṣe yàrá títì bíi mẹ́rin péré sẹ́yìn lọ́wọ́ ilẹ̀ fún àwọn tó ní ẹrù tí wọn kì í gbé lọ sílé. Ní ti oòrùn, ẹ na ilé yẹn gbọọrọ láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn kó má baà jẹ́ pé gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ á máa wọ̀, tí èbúté yín bá gbà bẹ́ẹ̀, tí kò bá gbà, èbúté ló ṣáájú. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, ó kéré tán mítà 1 àti ààbọ̀, ẹ̀yin náà mọ bí òjò orí omi ṣe máa ń wá, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé. Ẹ fi ihò sílẹ̀ gbọọrọ lókè ṣóńṣó òrùlé, kẹ́ ẹ wá fi páànù kékeré mìíràn borí ẹ̀, ibẹ̀ ni ooru á máa gbà jáde.

Òrùlé yẹn tún lè fún yín lómi. Gbogbo mìlímítà òjò 1 tó bá rọ̀ sórí páànù tó fẹ̀ tó mítà 1 níbùú àti lóòró, lítà omi 1 ni. Tí òrùlé yín bá jẹ́ 200 irú ẹ̀, òjò mìlímítà 25, ìyẹn òjò gidi kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lítà 5,000 ni, táǹkì dúdú ńlá méjì tó ń gba 2,500. Omi yẹn ni wọ́n máa fi fọ ìsọ̀ ẹja, kì í ṣe omi èbúté tí àwọn ọmọ ń tọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó wọ táǹkì o, ìgbẹ́ ẹyẹ àti èéfín wà lókè níbẹ̀.

Apá tó kan omi ni kẹ́ ẹ fún àwọn ẹlẹ́ja, ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, ẹpìyà, edé, gbogbo ohun tútù. Gàrí, èlùbọ́, aṣọ, nǹkan gbígbẹ, apá ilẹ̀ ni tiwọn. Kí ilẹ̀ apá ẹja dagun díẹ̀, sẹ̀ntímítà 2 nínú mítà 1 kọ̀ọ̀kan, lọ sínú gọ́tà tó ní nẹ́ẹ̀tì lójú, kí gọ́tà yẹn má sì jáde síbi àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ẹ wo bí àwọn ìyá yín ṣe ń jókòó. Orí àpótí ni wọ́n ń jókòó, ẹsẹ̀ wọn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù, ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, akítẹ́ẹ̀tì yín lọ ya tábìlì gíga bíi ti ilé oúnjẹ ìgbàlódé fún wọn, wọ́n á dúró fún wákàtí mẹ́jọ àbí? Ẹ ṣe pèpéle tí kò ga ju sẹ̀ntímítà 50 lọ, kẹ́ ẹ fàyè ẹsẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀. Ọ̀nà àárín ìsọ̀, kó fẹ̀ tó mítà 2, kí ẹni méjì tó ru báfù lè kọjá láìfarakanra.

Ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, kó má wà lábẹ́ òrùlé yẹn. Afẹ́fẹ́ tiwa, láti apá òkun ló máa ń fẹ́ wá jù lọ́dún, gúúsù ìwọ̀ oòrùn, àfi tí ọyẹ́ bá dé. Torí náà apá àríwá ìlà oòrùn ni kẹ́ ẹ gbé àwọn àrò sí kí èéfín máa lọ síbi tí kò sẹ́ni. Ẹ béèrè àrò tí wọ́n ń pè ní Chorkor, ní Ghana ni wọ́n ti ṣe é, àdúgbò àwọn apẹja kan nílùú Accra tó ń jẹ́ Chorkor ni wọ́n fi sọ ọ́, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, atẹ́ onígi tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì wáyà sí nídìí á wà léra wọn lókè ẹ̀, kì í jẹ igi bí àrò àgbá tí a mọ̀. Epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kó jìnnà sí ibẹ̀ pátápátá. Ilé ìyàgbẹ́ náà, ẹ má gbẹ́ ṣálàńgá sí ilẹ̀ tí omi wà nítòsí, ẹ mọ táǹkì ẹ̀ sókè lórí ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya tobìnrin sọ́tọ̀, kó ní kọ́kọ́rọ́ nínú, kó ní iná.

Ní ìparí, ní ti akítẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má lé e o. Ẹ ní kó wá sùn mọ́jú ọjọ́ ọjà lọ́dọ̀ yín kó jí láago mẹ́rin. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ lọ sí pápá ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ fi okùn àti èèkàn na ìwọ̀n ilé yẹn gẹ́lẹ́ sílẹ̀, ẹ fi eérú fa ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlà ọ̀nà, ìlà àtẹ̀gùn, kí àwọn ìyá wá kó báfù wọn síbẹ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n rìn ín. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Láàárín wákàtí kan, ìyá kan tó ń ta edé ti fi ẹsẹ̀ pa ìlà mẹ́ta rẹ́, ó ní, "Ẹ sún èyí, ẹ sún èyí, tí mo bá jókòó síbí ọkọ mi ò ní rí mi látinú ọkọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú ìwé ẹ́njíníà kankan. Eérú ni, kò sówó tó wọlẹ̀, a sún un. Tẹ́ ẹ bá ti ní àwòrán tuntun, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ tún bá àjọ NIWA sọ̀rọ̀ nítorí ìwé àṣẹ, àwọn ló ń mójú tó ohun tí wọ́n bá kọ́ sójú omi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́kọ̀ ni mí ní Ìwópìn. Àwọn kan ń sọ fún wa pé ká fi àgbá ṣe ọjà tó ń léfòó bíi ti ilé ìwé Makoko l'Ékòó, àwọn kan ní òpó igi, àwọn kan ní òpó kọnkéré. Èwo ló dáa?

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá ọlọ́kọ̀, ẹ kú ewu omi. Ilé ìwé orí omi Makoko yẹn, Kúnlé Adéyẹmí ló ya àwòrán ẹ̀, 2013 ni wọ́n parí ẹ̀, àgbá pílásítíìkì tó lé ní 250 ló gbé e dúró, gbogbo ayé gbọ́ nípa ẹ̀. Ní Júùnù 2016 òjò ńlá dé, ó wó. Ọlọ́run ṣe é wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Èrò yẹn dáa, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni bú u, ṣùgbọ́n ohun tó ń léfòó kò gbọ́dọ̀ rí ọjọ́ kan tí ẹnì kan ò mójú tó o, okùn ẹ̀, àgbá ẹ̀, ìṣó ẹ̀. Ìlú kékeré tí kò ní ẹni tó ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ yẹn, kó má gbé gbogbo ọjà ẹ̀ sórí àgbá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí nǹkan léfòó, kó jẹ́ ibi ìgúnlẹ̀ kékeré kan níwájú àtẹ̀gùn, tó máa ń bómi gòkè tó ń bómi sọ̀kalẹ̀, tó bá bàjẹ́, ọjà ṣì wà.

Òpó igi dáa tó bá jẹ́ igi gidi, ọ̀pẹ̀pẹ̀, apá, tàbí ekki, kì í ṣe gẹdú rírọ̀ tí wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn láti fi tàn yín jẹ. Ẹ̀yin náà ti rí i lára òpó èbúté: apá tó wà nínú omi títí kì í tètè jẹrà, èyí tó wà lókè gbígbẹ kì í tètè jẹrà, àárín ibi tómi ń kàn tó ń fi sílẹ̀ ló ń jẹrà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fojú sí, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ lọ́nà tí wọ́n á fi lè yọ òpó kan kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ láìwó ilé. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń lọ sí ìhà Èkó tómi ti ń níyọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò tó ń lu igi níhò á tún dá sí i. Kọnkéré ni màá yàn fún òpó tó gbé òrùlé, àmọ́ kí sìmẹ́ńtì tó bo rọ́ọ̀dù nípọn tó sẹ̀ntímítà 5 sí 7 àti ààbọ̀, torí tómi bá dé ara rọ́ọ̀dù á dípẹtà, á wú, á sì la òpó yẹn látinú. Ẹ má lo yanrìn oníyọ̀. Orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti da òpó yẹn, ẹ máa bomi rin ín, kó tó ọjọ́ 28 kẹ́ ẹ tó gbé e wọ omi. Kọ́ńtírátọ̀ tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó, ẹ má gbà fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàbọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. Kánádà ni mò ń gbé, régberégbe wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jẹ́ ojúgbà, ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ ràn ìlú ìyá mi tó wà létí ọ̀sà lọ́wọ́ láti kọ́ ọjà. A fẹ́ kó jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí orúkọ ẹgbẹ́ wa hàn gàdàgbà níwájú ẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ọlọ́run á bù sí i fún yín, àbúrò mi. Ẹ fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ò ní gbé báfù gun òkè, oníbàárà tó ti rí ẹja nísàlẹ̀ ò ní gun òkè lọ wá a, ilẹ̀ etí omi tó sì jẹ́ ẹrẹ̀ ò fẹ́ ẹrù tó wúwo. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná lórí òkè yẹn, ẹ pín in sọ́nà méjì. Ẹ fi apá kan ṣe àtẹ̀gùn ọkọ̀ tí mo sọ lókè yẹn, kẹ́ ẹ fi apá kejì sí báǹkì lórúkọ ìlú, kó jẹ́ tàtúnṣe nìkan: páànù tó ṣí, iná sólà tó kú, nẹ́ẹ̀tì gọ́tà tó ya. Kí ìyálọ́jà wà lára àwọn tó ń buwọ́ lùwé kí wọ́n tó gbowó yẹn. Ní ti orúkọ ẹgbẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá dé ọjà, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ na ọwọ́ sí.